Bí A Bá Wó Ilé Ìjọsìn Àtijọ́, Kí Ni A Wó?

Ìbéèrè tí ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ilé ìjọsìn tí àwọn baba ńlá wa kọ́ ti ń sán, òrùlé rẹ̀ ń jò, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í rí àyè jókòó mọ́ lọ́jọ́ ọdún. Ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó o ti pinnu láti wó o, kí a sì kọ́ tuntun tí yóò tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta sí ojú ibẹ̀. Àwọn àgbà fárígá. Wọ́n ní bí a bá wó o, a ti wó ìtàn wa. Lójú tèmi, òkúta àti igi lásán ni; ìtàn wa wà nínú ìwé àti nínú fọ́tò. Ṣé àṣìrò ni mo ń ṣe ni? Ta ni ó yẹ kí ó pinnu, kí sì ni a kò gbọdọ̀ má dá sí?

* * *

Ìdáhùn mi àkọ́kọ́

Èrò yín kì í ṣe àṣìrò pátápátá, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ìtàn yín wà nínú ìwé àti nínú fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tí yóò wó ilé náà, ẹ lọ wá ìwé ìtàn ọ̀hún jáde. Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀? Ṣé orúkọ àwọn tí ó ru iyanrìn àti àwọn tí ó la pákó àjà wà nínú rẹ̀, àbí orúkọ àwọn olórí ìjọ àti ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ilé ìjọsìn tí mo ti kà, àwọn tí ó sanwó àti àwọn tí ó ṣe olórí ni a ń bá pàdé. Àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn mọ ilé náà kò sí lójú ìwé. Ara ògiri ni wọ́n wà.

Ohun tí ojú mi rí ni ó ń mú mi sọ báyìí. Pátákó ìrántí kan wà lára ògiri ilé ìjọsìn tí mo dàgbà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Orúkọ bí i ogójì ni wọ́n gbẹ́ sí i, àwa ọmọdé a sì máa fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà bí a bá ń dúró de àwọn òbí wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà, wọ́n yọ pátákó yìí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n gbé e sí yàrá ìkẹ́rùsí láàárín agolo ọ̀dà àti àga tí ó ti kán, wọ́n sì ṣèlérí pé ara ògiri tuntun ni yóò padà sí. Iṣẹ́ ilé tuntun gba ọdún mọ́kànlá. Ìgbìmọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ilé parí, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí pátákó wà mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá arúgbó kan, ọmọ rẹ̀ dìde, ó ní ìyá tí ó bí ìyá òun wà lára àwọn tí ó kọ́ ilé àkọ́kọ́, òun sì fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tí ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó ń darí ètò wolẹ̀, ó sì ní kí a kọ orin.

N kò sọ pé kí ẹ má wó ilé náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé kì í bá ènìyàn rántí nǹkan kan. Ohun tí ilé àtijọ́ ń ṣe fún àwùjọ ni pé ó ń mú kí ọmọdé dúró kí ó sì béèrè pé, “Kí nìyí?” Bí àgbàlagbà kan bá wà nítòsí tí ó lè dáhùn, ìrántí ṣì wà láàyè. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ gbé síwájú ìgbìmọ̀ yín ni pé: lẹ́yìn tí ilé tuntun bá dúró tán, kí ni yóò kù níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò fi béèrè, ta ni yóò sì dá a lóhùn?

* * *

Sí àwọn tí ó ní kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ ni ó ti fèsì láti àná, èyí tí ó pọ̀ jù nínú yín ni ó sì sọ pé ẹni tí ó bá wó ilé àwọn baba rẹ̀ ti gé gbòǹgbò ara rẹ̀. Mo mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró bí a bá gbé e kalẹ̀ níwájú ohun tí àwọn ènìyàn kan ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní Ise, ní ilẹ̀ Japan, ojúbọ ńlá kan wà tí wọ́n máa ń tún kọ́ láti ìpìlẹ̀ ní ogúnogún ọdún. Ilẹ̀ méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn; bí ilé bá wà lórí ọ̀kan, èkejì a ṣófo, a máa dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Ọdún 690 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ìgbà kejìlélọ́gọ́ta sì wáyé ní 2013. Ogun dá a dúró nígbà kan fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ wọ́n tún padà sí i. Ilé tí àlejò ń wò níbẹ̀ lónìí kò tíì pé ogún ọdún, kò sì sí ẹni tí yóò fi ojú yẹn sọ pé àwọn tí ó ni ín ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ wo bí iye ọdún náà ti bá ọjọ́ ayé ènìyàn mu: ọ̀dọ́ tí ó ń gbé pákó fún ọ̀gá nígbà àkọ́kọ́ yóò ti di ọ̀gá nígbà kejì, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá sì gùn, yóò jókòó tì àwọn ọ̀dọ́ nígbà kẹta, yóò máa tọ́ ọwọ́ wọn sọ́nà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ìrántí pa mọ́ sí.

Mọ́ṣáláṣí ńlá ti Djenné ní Mali fi ojú mìíràn hàn wá. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èyí tí ó dúró báyìí ni wọ́n kọ́ parí ní 1907, lórí ibi tí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ wà. Òjò ń wẹ ara rẹ̀ lọ lọ́dọọdún, àwọn ará ìlú sì ń tú jáde lọ́dọọdún láti rẹ́ ẹ: àwọn birikilà a gun àwọn igi tí ó yọrí síta lára ògiri, àwọn ọ̀dọ́ a máa sáré gbé amọ̀ wá, àwọn obìnrin a pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó. Àjọ UNESCO fi ìlú náà sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1988. Ní 2006, nígbà tí àwọn kan tí ó ń múra iṣẹ́ àtúnṣe sílẹ̀ gun òrùlé tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ láti mọ bí inú rẹ̀ ti rí, inú bí àwọn ènìyàn débi pé rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú. Oríṣiríṣi ìdí ni wọ́n ti sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun kan wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: bí iṣẹ́ tí gbogbo ìlú jọ ń ṣe bá fẹ́ di iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá wọn ṣe, a ti ń gba ohun kan kúrò lọ́wọ́ wọn tí owó kò lè san padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí a má fọwọ́ kan án, mo bi yín: ìgbà wo ni ẹ gbálẹ̀ níbẹ̀ gbẹ̀yìn? Ta ni ó gun òrùlé nígbà tí ó kọ́kọ́ jò? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti fi ilé náà sílẹ̀ fún òjò láti ogún ọdún, tí ẹ wá ń sunkún nígbà tí a fẹ́ wó o, n kò rò pé ilé ni ẹ fẹ́ràn. Ìgbà èwe yín ni ẹ ń wá.

* * *

Ọ̀rọ̀ fọ́tò àti ẹ̀rọ

Ẹnì kan kọ̀wé pé ayé ti lajú, pé kí a fi ẹ̀rọ ya gbogbo igun ilé náà, kí a sì pa á mọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí ó dára ni, kí ẹ ṣe é. Andrew Tallon, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà tí ó ṣaláìsí ní 2018, ti fi ìmọ́lẹ̀ léésà wọn inú àti òde kàtídírà Notre-Dame ti Paris ní ọdún díẹ̀ kí iná tó jó o ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, 2019, ìwọ̀n tí ó fi sílẹ̀ sì wúlò fún àwọn tí ó tún un kọ́ títí wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù Kejìlá, 2024. Ṣùgbọ́n léésà lè sọ bí òpó ti ga tó. Kò lè sọ ẹni tí ó máa ń fara ti òpó náà.

Èyí tí mo fẹ́ sọ níbí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní ìgbà kan, mo gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà mẹ́ta nínú ilé wọn. Mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ilé ìjọsìn wa fún mi. Wọ́n sọ ọdún tí wọ́n ṣí i, wọ́n dárúkọ àwọn olórí rẹ̀ ní títẹ̀léra, wọ́n dákẹ́. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni wọ́n kà fún mi láti orí. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì rò pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a jọ wọ inú ilé náà fún ìdí mìíràn, ó ṣófo, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo kàn ní kí oníkálukú jókòó síbi tí ó máa ń jókòó sí nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹnì kìíní kò lọ sí ibi tí mo rò rárá. Ẹ̀yìn ni ó lọ, lẹ́bàá fèrèsé, ó ní nítorí pé ibẹ̀ ni òun ti lè rí ẹni tí òun padà fẹ́. Ẹnì kejì fọwọ́ lé ibì kan lára ògiri, ó ní ibẹ̀ ni ilé dá dúró sí fún ọdún mẹ́rin nítorí àríyànjiyàn kan tí àwọn ìdílé méjì kò fẹ́ kí a gbọ́ mọ́, pé kí n wò ó dáadáa, àwọ̀ bíríkì láti òkè kò bá ti ìsàlẹ̀ mu. Mo ti ń wo ògiri náà láti kékeré, n kò rí i rí. Ẹnì kẹta jókòó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, láti ọ̀tún sí òsì, ẹni mẹ́sàn-án, méje nínú wọn ti kú. Wákàtí mẹ́ta ni a lò. Ẹ̀rọ mi wà nílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: bí ẹ bá fẹ́ gba ìtàn sílẹ̀, ẹ má ṣe é nínú yàrá ìpàdé, ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn tí ilé ti wó. Inú ilé náà ni kí ẹ ti ṣe é, kí oníkálukú wà ní ibi tí ó máa ń wà. Kò ná yín ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

* * *

Àfikún díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Notre-Dame, nítorí pé ẹnì kan ti fi í ta ko àwọn tí ó fẹ́ yí ilé padà. Lóòótọ́, lẹ́yìn iná náà, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ nípa ṣóńṣó orí ilé náà tí ó wó lulẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ti ìgbàlódé, àwọn mìíràn ní bí ó ti wà ni kí ó wà. Àwọn wọ̀nyí ni ó borí ní 2020. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó tí wọ́n jà fún yẹn, ayàwòrán ilé kan, Viollet-le-Duc, ni ó fi í sí i, ní 1859, bẹ́ẹ̀ ọdún 1163 ni a sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé náà. Ohun tí a ń pè ní bí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í sábà ju bí àwa ti bá a lọ. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ọdún tí wọ́n fi òrùlé tí wọ́n ń jà fún yìí bo ilé náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ̀kan mìíràn dànù kí wọ́n tó fi í sí i.

* * *

Sí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣe òun lọ́gbẹ́

Ẹ kọ̀wé pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn onílé fúnra wọn ni ó ń wó gbogbo ilé tí ó wó, àti pé ti yín, ọ̀tá ni ó wó o. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ tọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì yàtọ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá wó ilé ìjọsìn ẹlòmíràn mọ ohun tí ó ń ṣe: ó fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé àwọn ènìyàn náà kò gbé ibẹ̀ rí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé báyìí, òkúta kì í ṣe òkúta lásán mọ́, ẹlẹ́rìí ni.

Mọ́ṣáláṣí Ferhadija ní ìlú Banja Luka, ní Bosnia, ni wọ́n kọ́ ní 1579. Wọ́n fi ohun abúgbàù wó o ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 1993, nígbà ogun, wọ́n sì kó àwókù rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn ogun, àwọn ènìyàn lọ wá àwọn òkúta náà níbi tí wọ́n dà wọ́n sí, títí kan inú omi, wọ́n ṣà wọ́n jọ, wọ́n sì wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá lára ilé náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 2001, àwọn jàǹdùkú ya bo ibẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 2016, ni wọ́n tó ṣí i, ọjọ́ kan náà tí wọ́n wó o. Bí ẹnì kan bá sọ fún àwọn wọ̀nyẹn pé òkúta lásán ni, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó wó o fẹ́ gbọ́ ni ó sọ yẹn.

Síbẹ̀, kódà nínú irú èyí, mo ṣì di ohun tí mo sọ mú, pé ohun tí yóò mú ọmọdé béèrè ni kí a wá. Ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche ti Dresden, ní Jámánì, wó ní oṣù Kejì, 1945, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti jó ìlú náà. Òkìtì òkúta rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 1994 ni wọ́n tún un kọ́, wọ́n ya á sí mímọ́ ní 2005, wọ́n sì lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta àtijọ́ láàárín tuntun. Àwọn ti àtijọ́ dúdú, tuntun funfun, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí yóò béèrè bí ilé náà ṣe ní àbàwọ́n báyìí. Àgbélébùú wúrà tí ó wà lórí rẹ̀, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alan Smith, wà lára àwọn tí ó rọ ọ́. Bàbá rẹ̀ wà nínú àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ó ju bọ́ǹbù sí ìlú náà. Ṣùgbọ́n irú òkúta yẹn ń dúdú bí ó bá ti ń pẹ́ sí i. Ọjọ́ ń bọ̀ tí tuntun àti àtijọ́ yóò di àwọ̀ kan náà, tí ara ògiri kò ní béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni yóò sì kù fún wọn.

Ẹ fi èyí wé kàtídírà Kristi Olùgbàlà ní Moscow. Ìjọba Soviet wó o ní 1931 láti kọ́ ààfin kan tí wọn kò kọ́ parí. Wọ́n sọ ibẹ̀ di adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1960. Wọ́n sì tún kàtídírà náà kọ́ láàárín 1995 sí 2000, ó gún régé, ó ń dán. Inú mi dùn pé àwọn tí ó ń jọ́sìn gba ilé wọn padà. Síbẹ̀ bí mo bá wo àwòrán rẹ̀, n kò rí ibi tí ọgbẹ́ náà wà, ó sì ń dùn mí pé ilé kan lè dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

* * *

Ṣé kí ilé wó pa wá nítorí ìrántí?

Rárá o. Mo rò pé kò yẹ kí n tilẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ni kí ènìyàn jókòó sábẹ́ àjà tí ó ti jẹrà. Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí ìjọ mẹ́fà ti jọ ń pín ilé kan lò, tí a kò sì gbọdọ̀ sún àkàbà kan lórí fèrèsé láìjẹ́ pé gbogbo wọn gbà, irin tí àwọn òyìnbó aláṣẹ fi gbá ilé kékeré orí ibojì náà mú ní 1947 ni ó ń dì í mú fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀ ní 2015 nítorí ewu ni àwọn ìjọ náà tó fohùn ṣọ̀kan, iṣẹ́ àtúnṣe sì parí ní 2017. Bí ilé yín bá léwu, ẹ kó àwọn ènìyàn jáde lónìí. Kíkó ènìyàn jáde àti wíwó ilé kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ó ń kánjú gba iṣẹ́ so wọ́n pọ̀ fún yín. Ẹ pe ẹnjiníà tí kò ní pín nínú owó ilé tuntun, kí ó sọ fún yín èyí tí ó lè dúró nínú ògiri náà àti èyí tí kò lè dúró.

* * *

Ta ni ó ni ìpinnu?

Ibí ni ìjà pọ̀ sí jù. Apá kan ní àwọn tí ó ń jọ́sìn níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Apá kejì ní àwọn tí ó ti lọ jìnnà ṣùgbọ́n tí ó ń fi owó ránṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá san owó jù ni kí ó yan irú ilé tí yóò jẹ́. Èyí ni n kò gbà rárá, mo sì ní ìdí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, 1963, àwọn tí ó kórìíra aláwọ̀ dúdú fi bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì Baptist ti Òpópónà Kẹrìndínlógún ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọdébìnrin mẹ́rin kú. Àwọn ará Wales, tí ó jìnnà réré sí wọn, dá owó láti fi fèrèsé gíláàsì tuntun ta wọ́n lọ́rẹ, ayàwòrán John Petts sì ṣe é. Àwọn tí ó kó owó náà jọ fi òté lé iye tí ẹnì kan lè dá, owó kékeré tí ọmọdé pàápàá lè ní lọ́wọ́, kí olówó kan má baà san gbogbo rẹ̀ tán. Fèrèsé náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ lo ọgbọ́n yìí: ẹ ya iṣẹ́ ìrántí sọ́tọ̀ kúrò nínú owó ilé, pátákó orúkọ, gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, àti títọ́jú ògiri tí ẹ bá dá sí, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn dá iye kan náà sí i, iye tí ẹni tí ó tálákà jù nínú yín lè san.

Ní ti ìdìbò, èrò tèmi ni pé kí àwọn tí ó ń lò ó pinnu bí ilé tuntun yóò ti rí, nítorí àwọn ni yóò máa gbálẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a óò dá sí lára ti àtijọ́, kí a má fi ìdìbò ṣe é. Ìdílé kan ṣoṣo lè mọ ìdí tí òkúta kan fi wà níbi tí ó wà. Bí a bá dìbò, wọn yóò pàdánù.

* * *

Ìrántí tí kò dùn ún gbọ́

Ẹnì kan béèrè ohun tí a óò ṣe bí ó bá jẹ́ pé ibi ni ògiri náà ń rán wa létí, bí i àtẹ̀gùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń ní kí àwọn kan gbà wọlé, tàbí àga òkè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọn kò kà sí ènìyàn. Ó ní kí a tètè wó irú ibẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ìyà náà jẹ tàbí àwọn ọmọ wọn. Ní Nyamata, ní Rwanda, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù Kẹrin, 1994, nígbà ìpakúpa àwọn ẹ̀yà Tutsi, àwọn apànìyàn sì pa wọ́n síbẹ̀. Ilé náà di ibi ìrántí. Aṣọ àwọn tí ó kú wà lórí àwọn àga ìjókòó, ihò sì wà lára òrùlé síbẹ̀. Wọn kò kùn ún lọ́dà tuntun bí ẹni pé àdúrà ti pa á rẹ́.

Ẹ tún gba ìbéèrè kan sí i lọ́wọ́ mi: kí ni ó wà lórí ilẹ̀ yẹn kí àwọn baba ńlá yín tó dé ibẹ̀? Hagia Sophia ní Istanbul jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti 537, ó di mọ́ṣáláṣí ní 1453, ìjọba sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù ní 1934, ó sì tún padà di mọ́ṣáláṣí ní 2020. Ìgbàkúùgbà tí ó bá yí padà, àwọn kan ń yọ̀, àwọn kan ń sunkún, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń rántí. Bí àwọn mìíràn bá wà tí ilẹ̀ yín jẹ́ ìrántí fún, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

* * *

Sí ẹni tí ó béèrè, lẹ́yìn tí ó padà wá

Mo dúpẹ́ pé ẹ padà wá sọ bí ó ti lọ. Ẹ ní ìgbìmọ̀ gbà láti dá ògiri iwájú àti òpó ilẹ̀kùn sí, àti pé ìyókù ni wọn yóò wó. Ẹ wá béèrè nǹkan méjì: ibi tí ẹ ó kọ orúkọ àwọn tí ó kọ́ ilé náà sí, àti ohun tí ẹ ó ṣe sí àwọn àmì ọ̀bẹ tí ó wà lára òpó ilẹ̀kùn, nítorí pé àwọn àgbà ń jiyàn lórí wọn.

Ní ti orúkọ, ẹ má gbé wọn sókè. Ọ̀pọ̀ pátákó ìrántí ni ó ga débi pé àwọn tí ó ń gbá òkè nìkan ni ó ń kà wọ́n. Ẹ gbẹ́ wọn sára ògiri ní ibi tí ọwọ́ ọmọdé yóò tó, kí ẹ gbẹ́ wọn jinlẹ̀ kí ìka lè wọnú lẹ́tà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ti ń kọ wọ́n, àwọn ìdílé yóò máa mú orúkọ wá tí ẹ kò gbọ́ rí. Kí ẹ sì parí rẹ̀ kí wọ́n tó fi bíríkì kìíní ilé tuntun lélẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tiwa.

Ní ti àmì ọ̀bẹ, ẹ má fi yanrìn ha á, ẹ má sì fi ọ̀dà bò ó. Ẹ ní àgbà kan sọ pé iye ẹrù iyanrìn tí wọ́n rù lóòjọ́ ni wọ́n fi ń kà, èkejì sì ní ọmọ kan tí wọ́n tì mọ́ òde ni ó fi ìbínú gé e. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, kí ẹ má dá ẹnikẹ́ni láre. Ẹ sọ pé ẹnì kẹta kan ṣì wà tí ó jẹ́ ọmọdékùnrin nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, pé ó ti wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ẹ má fi fọ́tò lọ bá a. Ẹ ní wọn yóò yọ òpó náà ní ọ̀sẹ̀ yìí kí wọ́n tó wó ẹ̀yìn ilé, kò sì gùn ju mítà méjì lọ. Ọkọ̀ kékeré lè gbé e. Kí ẹ tó gbé e lọ sí ibi ìpamọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì mú ọwọ́ rẹ̀ lé àwọn àmì náà. Ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀.